Òdòdó Ẹ̀yìnkùlé Ìyàwó Wa

Ìyàwó wa ni gbogbo ilé ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí rẹ̀ ti funfun tán, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti kó lọ sílé tiwọn. Nínú ilé bàbá wa, ìyàwó kì í dàgbà kọjá ìyàwó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fẹ́ ẹ. Aránbàtà ni ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Èmi ń ránṣọ ní yàrá iwájú. Ìyàwó wa ló ni ẹ̀yìn. Alágbàfọ̀ ni, ó ń fọṣọ, ó ń lọṣọ, ó sì ń sá a sórí okùn tó ta láti ara ògiri títí dé ìdí kànga.

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ tọkọtìyàwó, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: òdòdó tó wà ní ẹ̀yìnkùlé yẹn, ìyá tó bí mi lọ́mọ ló gbìn ín. Ó kàn mí dáadáa.

Áírísì ni wọ́n ń pe òdòdó náà. Ẹni tí kò bá rí i rí, kó fojú inú wo ewé gígùn tó dúró gbọnrangandan bí idà, kí òdòdó wá yọ lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín rẹ̀, kí apá kan òdòdó náà nà sókè, kí apá kejì sì rọ̀ sílẹ̀ bí ahọ́n ajá tí òùngbẹ ń gbẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ jọ atalẹ̀, orí ilẹ̀ ló sì máa ń sùn sí, ìdajì rẹ̀ ní gbangba. Òmíràn nínú wọn ní òórùn dídùn, òmíràn lẹ́wà lásán ni. Ìyá mi ò fẹ́ràn ẹwà lásán. Olóòórùn ló máa ń wá kiri, tó bá rí i lọ́gbà ẹnì kan, kò ní tijú, yóò tọrọ gbòǹgbò rẹ̀ ni.

Nígbà tí ìyàwó wa kọ́kọ́ wọlé, ó fẹ́ ṣe dáadáa lójú ìyá ọkọ. Ó jí láàárọ̀, ó gbálẹ̀, ó pọnmi, ó dé ẹ̀yìnkùlé, ó rí gbòǹgbò òdòdó tó ń sùn ní ìhòòhò nínú oòrùn. Àánú ṣe é. Ó wò ó pé àgbà obìnrin ò ráyè tọ́jú wọn mọ́. Ló bá wa iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó wá ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ lálẹ́. Aájò ni o, kì í ṣe ìkà. Ọdún yẹn, òdòdó kan ṣoṣo ò yọ. Ewé nìkan la rí, apá kan sì jẹrà.

Ìyá mi ò pariwo. Ó fà á lọ́wọ́ dé ìdí wọn, ó ní, "Ìyàwó mi, oòrùn ni eléyìí ń yá lẹ́yìn. Tó o bá daṣọ bò ó, o pa á nìyẹn." Àwọn méjèèjì wá kúnlẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń fi ìka hú iyẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́yìn gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí wọ́n ń wẹ ọmọ tuntun. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó wa ló ni ọgbà. Ìyá mi kàn ń jókòó sórí àpótí, ó ń pàṣẹ ni, títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a.

Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, ó gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìnagijẹ. Èmi, ó pè mí ní Òpéléńgé, nítorí pé mo tín-ín-rín nígbà náà. Mo ti wá sanra báyìí tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá, síbẹ̀ Òpéléńgé náà ló ń pè mí, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn òdòdó náà ti wà nílé kí òun tó dé, ọkọ òun ni àwọn náà. Ló bá sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó ní àwọ̀ ojú ọ̀run, tó wà nídìí kànga, tó jẹ́ àkọ́kọ́ tí ìyá mi gbìn, Ìyá Ọkọ nìyẹn. Èyí tó pọ́n rokoṣo ni Apọ́nbéporẹ́. Èyí tó dúdú títí tó ń dán ni Adúmáadán. Ọ̀kan wá wà tó jẹ́ pé aṣìgbìn ni, ẹnì kan ló fi tan ìyá mi. Ara rẹ̀ rọ̀ múlọ́múlọ́, kò sí èyí tó lẹ́wà tó o, ṣùgbọ́n kò ní òórùn rárá. Ìbàdí-àrán ló pe ìyẹn. Ẹni tó ní orí ò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà ò ní orí.

Tí òtútù bá lọ, tí wọ́n bá ń tanná, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ìyàwó wa yóò fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, yóò máa bẹ̀rẹ̀ síwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò fa òórùn wọn símú, yóò wá ké sí ọkọ rẹ̀: "Olówó orí mi, ẹ wá gbọ́ òórùn Adúmáadán!" Ẹ̀gbọ́n mi yóò fi òòlu sílẹ̀, yóò wá, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò ní, "Ó ta sánsán."

Irọ́ ni. Imú ẹ̀gbọ́n mi ti kú tipẹ́. Gúlù bàtà ló pa á láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Gbogbo àwa ọmọ ilé la mọ̀. Nígbà tí a wà ní kékeré, ọbẹ̀ tó ti kan la máa ń gbé síwájú rẹ̀, tá a ó sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti máa rẹ́rìn-ín. Ìyàwó wa nìkan ni kò mọ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá kí ìyá wa, kò tíì di ìyàwó ẹnikẹ́ni, ó já òdòdó kan, ó tì í bọ ẹ̀gbọ́n mi nímú, ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ!" Kí ni ọkùnrin tó ń wá ìyàwó yóò wí? "Ó ta sánsán." Àtìgbà náà ló ti ń ta sánsán.

Báyìí la wà títí ọ̀fìnkìn kan fi mú ìyàwó wa. Kì í ṣe kékeré o, ó dá a dùbúlẹ̀. Ó dìde, ara yá, ó padà sídìí iṣẹ́. A dúpẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó sídìí maṣíìnì mi, mo gbọ́ òórùn aṣọ tó ń jó. Mo pariwo láti iwájú. Mo sáré dé ẹ̀yìn. Ìyàwó wa ló dúró níbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí tábìlì, ó ń ká aṣọ, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n. Áyọ́ọ̀nù dojú bolẹ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun oníṣẹ́ ìjọba kan, èéfín ti ń rú tùù.

"Ẹ gbà mí! Ìyàwó wa, ṣé o ti sùn lọ lóòró ni? Àbí imú rẹ ti lọ kí wọn níbì kan ni?"

Ó yíjú, ó rí i, ó já áyọ́ọ̀nù gbà. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú tó ti èmi, kò fèsì! Ó kàn gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó fi imú kan ibi tó jó, ó gbé e sílẹ̀, ó tún fi imú kàn án. Mo rò pé ojú ló ń tì í. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí di alẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló sọ ọ̀rọ̀ kan jáde nídìí oúnjẹ. Ó ní òun fẹ́ hú àwọn òdòdó ẹ̀yìnkùlé, kí bírìkìlà fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ilẹ̀ náà, kí òun lè rí àyè sáṣọ sí i. Ó ní tó bá ku òdòdó kan tó yẹ, òun yóò fún àwọn ará àdúgbò.

Mo sọ òkèlè ọwọ́ mi sílẹ̀. "Hú kí ni? Ta ló gbìn ín? Ṣé ìyá tìrẹ ni?"

"Ẹ má bínú, Òpéléńgé mi," ló sọ, ohùn rẹ̀ sì tútù. "Àyè ni mo fẹ́. Mo ti bá bírìkìlà sọ̀rọ̀. Yóò wá tí wọ́n bá ti tanná tán lọ́dún yìí."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi pé kó sọ̀rọ̀. Ó ń wo abọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Àyè wo ló fẹ́? Okùn tó ní ò tíì kún rí. Mo mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tó jáde lọ kó aṣọ oníbàárà, mo wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, mo dúró lé e lórí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀ o. Tó bá fọwọ́ kan òdòdó màmá mi, èmi àtiẹ̀ ni. Ẹ má sọ pé n kò sọ tẹ́lẹ̀."

Ó ń fi gúlù sí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kan. Ó parí rẹ̀, ó pa á pọ̀, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. "Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀," ló wí. "Kò gbọ́ òórùn wọn mọ́."

"Kò gbọ́ kí ni?"

"Òórùn. Láti ìgbà ọ̀fìnkìn yẹn. Imú rẹ̀ ti di."

Mo rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Ẹ̀yin tí imí màlúù lè wà nílẹ̀ yàrá yín tí ẹ kò ní mọ̀, ẹ̀yin lẹ wá mọ ẹni tí kò gbọ́ òórùn? Ó sọ fún yín ni?"

"Kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Báwo lẹ wá ṣe mọ̀?"

Ó gbójú sókè. Mi ò lè gbàgbé bó ṣe wò mí. "Ojú rẹ̀ ni," ló wí. "Ṣé o rò pé òdòdó ni mo máa ń gbọ́? Ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò. Tó bá bẹ̀rẹ̀ síwájú Ìyá Ọkọ, bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí yàtọ̀ sí ti Adúmáadán. Bí mo ṣe mọ̀ wọ́n nìyẹn. Ọ̀kan tètè yọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí i, ó fa imú, ojú rẹ̀ ò yí padà. Ó tún fà á, ó tún fà á. Ó wá yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá gbọ́ ọ."

Mo jókòó sórí àpótí àwọn oníbàárà. Mo rántí ṣẹ́ẹ̀tì, mo rántí bó ṣe ń fi imú kan ibi tó jó léraléra, tí èmi aláìmọ̀kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ sọ fún un pé ẹ mọ̀ nígbà náà."

"Tí mo bá sọ pé mo mọ̀, yóò bi mí bí mo ṣe mọ̀. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé láti ọjọ́ tí mo ti rí i, irọ́ ni mo ń pa fún un? Òun tí imú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú?" Ó mú òòlu. "Kó hú u tó bá fẹ́ hú u."

Kó hú u kẹ̀! Inú ń bí mi sí àwọn méjèèjì, àánú wọn sì ń ṣe mí, n kò wá mọ èyí tí n bá gbé. Mi ò sọ fún ìyàwó wa pé mo mọ̀. Mo kàn ń wò ó.

Àwọn òdòdó tanná. Bó ṣe wù mí kí wọ́n má tanná tó lọ́dún yẹn, ńṣe ni wọ́n pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi tí imú mi yè, òórùn wọn ń bá mi dé ìdí maṣíìnì, òórùn oyin, òórùn èso àjàrà, òórùn ṣúgà tó ń jó lórí iná. Ìyàwó wa ń jáde sí wọn láàárọ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde. Ìgbà náà ló tó yé mi pé ìdí tó fi ní kí bírìkìlà dúró dìgbà tí wọ́n bá tanná, ìrètí ni. Ó ń retí pé bóyá wọn yóò ṣí i nímú. Wọn ò ṣí i.

Bírìkìlà dé láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n jọ dá. Ó da iyanrìn sílẹ̀, ó gbé àpò sìmẹ́ǹtì kalẹ̀, ó ká ṣòkòtò, ó ní, "Ìyá, ilẹ̀ dà?" Òdòdó ò tíì tán lórí wọn. Ìyàwó wa ní kò burú. Ó mú ọkọ́.

Mo rò pé Ìbàdí-àrán ni yóò kọ́kọ́ hú, nítorí pé òun ni kò wúlò. Kò hú u. Ó yà á sílẹ̀, ó kọjá sídìí kànga, ó dúró lé Ìyá Ọkọ lórí. Mo ti dìde nídìí fèrèsé, mo ti ń wá bàtà mi láti jáde lọ jà. Ìgbà náà ló sọ ọkọ́ kalẹ̀, tó já òdòdó kan, tó sì ké sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá wọn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Ẹ̀gbọ́n mi wá. Ìyàwó wa na òdòdó sí i.

"Ẹ bá mi gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ má sọ pé ó ta sánsán. Ẹ sọ bó ṣe rí gan-an fún mi, kí n fi dágbére fún un. Èmi ò gbọ́ òórùn mọ́. Ó ti pẹ́." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Mo ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, ó dà bí ìgbà tí ọmọ mi ń bá mi sọ̀rọ̀, tí mo ń rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, tí n kò gbọ́ nǹkan kan. N kò lè fara dà á."

Ẹ̀gbọ́n mi gba òdòdó náà. Ó gbé e súnmọ́ imú. Mo sọ lọ́kàn mi pé, "Purọ́! Jọ̀ọ́, purọ́!" Àmọ́ òórùn wo ló fẹ́ fi purọ́? Ẹni tí imú rẹ̀ ti kú láti ìgbà ọ̀dọ́, kí ló fẹ́ fi wé?

"N kò gbọ́ ọ," ló wí.

"Ẹ̀yin náà? Ọ̀fìnkìn náà ni?"

"N kò gbọ́ òórùn kankan rí láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Kí n tó mọ̀ ọ́."

Bírìkìlà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtara wo ògiri bí ẹni pé òun ló fẹ́ mọ ọ́n.

Ìyàwó wa sì bú jáde. Háà! Ẹ bá wà níbẹ̀. "Láti ọjọ́ wo? Gbogbo òdòdó tí mo ń tì bọ̀ yín nímú! Gbogbo aṣọ tí mo ń ní kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ó ti mọ́! Gbogbo ọbẹ̀! Ìyá yín mọ̀? Òpéléńgé náà mọ̀?" Ó yíjú sí fèrèsé, mo tètè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Mo ń rí yín níbẹ̀ o, Òpéléńgé! Ẹ sì jẹ́ kí n máa ṣe bí òmùgọ̀ nílé yìí láti ìgbà èwe mi!"

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbèjà ara rẹ̀. Ó ní kó tó pariwo tán, kó jẹ́ kí òun dáhùn ohun tó kọ́kọ́ bi òun.

"O ní kí n sọ bí Ìyá Ọkọ ṣe rí. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ sí Ìyá Ọkọ, o máa ń di ojú. O máa ń pẹ́ kó o tó mí jáde. Ètè rẹ máa ń mì bí ẹni tó ń kí àgbà. Tó o bá dìde, o kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn. Ti Apọ́nbéporẹ́, o máa ń gbé itọ́ mì. O tiẹ̀ fi ahọ́n lá ètè rí. Ti Adúmáadán, ẹ̀rín ni, o máa ń fọwọ́ bo ẹnu, o máa ń sọ pé, 'Aláìnítìjú!' Mi ò mọ òórùn, ṣùgbọ́n mo mọ wọ́n. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú rẹ ló ń sọ fún mi."

Ìyàwó wa fìdí lé garawa tó dojú dé. Òdòdó ti padà sọ́wọ́ rẹ̀, n kò mọ ìgbà tó gbà á. Ó di ojú. Ó pẹ́. Ètè rẹ̀ mì.

"Àpótí aṣọ ìyá yín," ló wí. "Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Bí òórùn rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. N kò sọ ọ́ fún yín rí, mo rò pé ẹ̀ ń gbọ́ ọ."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "N kò mọ̀ pé àpótí màmá ní òórùn."

Ìyàwó wa bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. Èmi náà ń sunkún lábẹ́ fèrèsé, mi ò tijú láti sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sídìí Apọ́nbéporẹ́, ó ní kó tún sọ tibẹ̀ dáadáa, kó má fo nǹkan kan. Wọ́n yí gbogbo ọgbà po báyìí.

Bírìkìlà wúkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ṣé kí n po sìmẹ́ǹtì ni, àbí kí n má pò ó?"

"Pò ó," ni ìyàwó wa wí, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ẹnu ọ̀nà iwájú ti fọ́. Fi tún un ṣe fún Òpéléńgé, kí wọ́n má bàa ṣubú níbi tí wọ́n ti ń sáré wá yọjú sí ọ̀rọ̀ wa."

Mo bi í lọ́jọ́ kan ìdí tó fi yẹra fún Ìbàdí-àrán lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òdòdó aláìlóòórùn yẹn nìkan ni kò yí padà sí òun. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe wà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún tanná. Imú kankan ò là o, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Mo jáde láàárọ̀, mo bá àwọn méjèèjì níwájú Adúmáadán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orí sí orí, imú méjì tó ti kú lórí òdòdó kan, ẹ̀gbọ́n mi ń wo ojú ìyàwó, ìyàwó ń fọwọ́ bo ẹnu. Òórùn náà gbá mi lójú láti ibi tí mo dúró sí. Mo ní, "Háà, ó mà ta sánsán lónìí o!"

"Òpéléńgé," ni ìyàwó wa wí, "kò sẹ́ni tó bi yín."

Mo padà sídìí maṣíìnì mi.